Omi òkun kò dì dáadáa: ṣé fírísà ló bàjẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Yìnyín àti piọ wọ́tà ni mo ń tà ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun bu omi òkun wá láti Èkó, kẹ́ẹ̀gì lítà 4, ó ní kí n bá òun kó o sí fírísà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, piọ wọ́tà ti dì gbagidi, àmọ́ omi òkun rí bí ẹ̀kọ tí kò jiná: yìnyín wẹ́wẹ́ lókè, omi nísàlẹ̀. Ṣé kí n pe ẹni tó ń tún fírísà ṣe ni? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹ tọ́jú owó yín. Iyọ̀ ló fà á.

Tí omi lásán bá ti tutù dé òdo dígírì, ó ń dì nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú kílò kan omi òkun, iyọ̀ ibẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 35 (ti etíkun tiwa a máa dín díẹ̀, nítorí omi odò tó ń ya wọ̀ ọ́). Irú omi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù dé dígírì 1.9 nísàlẹ̀ òdo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí dì. Bẹ̀rẹ̀ ni mo wí o, n kò ní kó tó dì tán. Yìnyín kì í gba iyọ̀ mọ́ra; bó ṣe ń dì ló ń ti iyọ̀ jáde, iyọ̀ náà a sì kóra jọ sínú ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù. Omi yẹn a wá níyọ̀ sí i, òtútù tó tó tẹ́lẹ̀ kò ní tó o mọ́. Díẹ̀ a tún dì, ìyókù a tún níyọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà kí fírísà yín dé dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo (ta ni iná ìlú wa ń jẹ́ kó débẹ̀?), omi oníyọ̀ díẹ̀ yóò ṣì fara pamọ́ sáàárín yìnyín náà.

Ẹ bu yìnyín òkè yẹn, ẹ fi omi tútù ṣàn án, kí ẹ tọ́ ọ wò. Kò ní níyọ̀ tó omi ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń gbé létí òkun Àkítíìkì, ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, tilẹ̀ máa ń yọ́ yìnyín òkun tó ti lo ọdún mélòó kan mu.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ òkun kì í gbé e sí fírísà ká tó mọ̀. A ń wọn bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi náà kọjá, bó ṣe gbóná sí, àti bí omi òkè ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó. Ìṣirò TEOS-10, tí ìgbìmọ̀ òkun UNESCO fọwọ́ sí ní 2009, ni a fi ń mọ ìyókù: bó ṣe máa tutù tó kó tó dì, bó ṣe wúwo tó, iye ooru tó lè gbà.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó má da omi ìsàlẹ̀ nìkan lò, ó ti níyọ̀ ju èyí tó bù ní Èkó lọ. Kó jẹ́ kó yọ́ tán, kó mì í pọ̀. Ẹ má sì rọ kẹ́ẹ̀gì kún bámúbámú, kó má bàa bẹ́.

Ẹ̀yin náà lè fi iyọ̀ yìí ṣòwò. Tí oníbàárà bá ń kánjú, ẹ fọ́ yìnyín sínú kúlà, ẹ bu iyọ̀ sí i dáadáa, ẹ ta omi díẹ̀ sí i, kí ẹ wá ri ẹlẹ́rìndòdò bọ̀ ọ́. Yóò tutù ju ti yìnyín lásán lọ. Àmọ́ ẹ tètè yọ ọ́ o. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, ó lè dì kí ìgò fọ́.