Ọmọ mi ti gba abẹ́rẹ́ èéyi: kí ni ti èkejì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ọmọ mi gba abẹ́rẹ́ èéyi nígbà tó pé oṣù 9, wọ́n sì ní kí n tún gbé e wá ní oṣù 15. Màmá mi ní ẹyọ kan ṣoṣo làwa gbà tá a fi dàgbà. Ṣé ti àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Òótọ́ ni màmá yín sọ. Ọdún 2019 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì kún àwọn tí ọmọ ń gbà. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ lọ.

Láti inú oyún ni ọmọ ti ń gba ààbò díẹ̀ lára ìyá rẹ̀. Bí a bá tètè gún un, ààbò yẹn kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ mú lára rẹ̀; ìdí nìyẹn tá a fi ń dúró di oṣù 9. Nígbà yẹn náà, ó ṣì máa ń ṣẹ́ kù lára àwọn mìíràn. Nínú ọmọ 100 tó gbà á ní oṣù 9, ó máa mú lára nǹkan bí 85. Àwọn 15 yòókù ńkọ́? A ò lè fojú dá wọn mọ̀. Abẹ́rẹ́ kejì la fi ń fún àwọn náà ní ààbò.

Ó wá ku àwọn tí kò gba ẹyọ kan rárá, ibẹ̀ ló sì ti ń dùn mí jù. Láti 1979 la ti ní ètò àjẹsára ọmọdé. Ó gbéra dáadáa nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera, kó tó wá wọlẹ̀. Ìwádìí NDHS, tí wọ́n fi ń mọ bí ìlera àwọn ará Nàìjíríà ṣe rí, ti 2003 rí i pé nínú ọmọ 100 tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé méjì, 36 péré ló gba ti èéyi. Ní 2013 ó di 42, ní 2018 ó di 54. Ẹ yọ àwọn tí kò mú lára wọn kúrò nínú 54 yẹn, ó ku nǹkan bí 46 tó ní ààbò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni kan tó ní èéyi lè kó o ran èèyàn 12 sí 18 tí kò ní ààbò. Ó di kí 95 nínú 100 ti gba abẹ́rẹ́ méjèèjì kí èéyi tó lè dáwọ́ dúró.

Ẹ lè dé ilé ìwòsàn kí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ 10 ni ìgò kan wà fún, tí wọ́n bá sì ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 6 kí wọ́n tó dà á nù. Nítorí náà, bí ọmọ méjì péré bá wá, ẹ̀rù ìfiṣòfò máa ń ba àwọn òṣìṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a ṣí i bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ kan ló wá, èmi náà sì fara mọ́ ọn: ìyá tó ti ọjà rẹ̀ pa, tó wọkọ̀ wá, lè má padà wá mọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́ èéyi lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ara ọmọ lè gbóná díẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa lọ. Bó bá ti kọjá oṣù 15, ẹ ṣì gbé e lọ. Ẹ mú káàdì dání, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ náà sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde.