Ṣé módù kernel Linux (ẹ̀yà kóòdù tí a ń so mọ́ kernel, ìyẹn ọkàn Linux) lè lo socket (ẹnu ọ̀nà tí ètò fi ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀) fúnra rẹ̀, láìsí ètò kankan lókè tó ń bá a ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe é. Bí NFS, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń lo fáìlì tó wà lórí ẹ̀rọ mìíràn, ṣe ń bá sáfà sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Má wá socket() àti send() níbẹ̀ o, ti àwọn ètò òde nìyẹn. sock_create_kern ni kí o fi dá a sílẹ̀; &init_net (nẹ́tíwọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ ti ẹ̀rọ náà) ló máa ń ṣáájú nínú ohun tí o fún un. Kò ní fún ọ ní nọ́ńbà fáìlì, struct socket gan-an ló máa kó lé ọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló kan kernel_connect, kernel_sendmsg àti kernel_recvmsg. Tí o bá parí, fi sock_release tú u sílẹ̀.

Ibi tó léwu jù rèé: àwọn iṣẹ́ yìí lè sùn, ìyẹn ni pé wọ́n lè dúró de nǹkan. Tí o bá pè wọ́n nínú interrupt (ìgbà tí hardware dá CPU dúró lójijì), tàbí nígbà tí spinlock (títì tí a kì í sùn tí a bá dì í mú) ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, gbogbo ẹ̀rọ lè dì pa. Workqueue (ìlà iṣẹ́ tí kernel máa ṣe tó bá yá) tàbí kthread (okùn iṣẹ́ inú kernel) ni kí o gbé e fún, torí wọ́n lè sùn.

Jọ̀ọ́, máa wo iye tí kernel_sendmsg dá padà. O lè ní kó fi báìtì 4096 ránṣẹ́ lórí TCP, kó mú 1500 péré lọ. Ìwọ lo máa tún fi ìyókù ránṣẹ́.