Àṣá Kékeré Já Sí Bákónì Wa: Ṣé Mo Lè Kọ́ Ọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àṣá kékeré kan já sí bákónì wa ní Láfíàjí lọ́jọ́ Sátidé. Apá rẹ̀ kan rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá ṣáká. Mo ti rí i lórí fóònù bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń jẹ́ kí àṣá fò lọ kó sì padà wá bà lé wọn lọ́wọ́. Mo fẹ́ kọ́ tèmi bẹ́ẹ̀. Màmá mi ń fún un ní búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi, kò jẹ ẹ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, bá mi kí Màmá, kí o sì rọra gbé búrẹ́dì yẹn kúrò. Ẹran ni àṣá ń jẹ, ẹran tó ní eegun àti ìyẹ́ lára. Bí ẹran màlúù lásán ló wà nílé lálẹ́ òní, gé e wẹ́wẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n má fi ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́, torí eegun ẹyẹ tí kò rí eegun jẹ yóò rọ̀. Lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìẹ. Àwọn akọ òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan tí àwọn olówò ẹyin kì í rà máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan wọn nǹkan bí 35 sí 40 gíráàmù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àṣá kékeré jẹ fún odindi ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, yóò pọ̀ ìyẹ́ tí kò dà nínú rẹ̀ jáde lẹ́nu bíi kókó kékeré. Ẹ má bẹ̀rù. Àmì pé inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni. Eku ilé ńkọ́? Rárá o. Eku tó bá ti jẹ májèlé á gbé májèlé náà wọ inú ẹyẹ, mo sì ti rí ẹyẹ tó kú lọ́nà bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì mi.

Apá tó rọ̀ yẹn lè jẹ́ eegun tó ṣẹ́. Gbé ẹyẹ náà sínú páálí tó ṣókùnkùn, tó ní ihò atẹ́gùn, kí o gbé e wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan ṣáájú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kàn. Gbogbo ìran àṣá ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò àwọn ẹranko àti ewéko inú igbó, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, orílẹ̀-èdè wa sì ti ní òfin lórí òwò àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ láti 1985. Nítorí náà, ẹyẹ tó o gbà là yàtọ̀ sí ẹyẹ tó o fẹ́ sọ di tìrẹ. Jẹ́ kí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí èmi fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o lo ọgbọ́n àwọn tó ń kọ́ àṣá láti fi mú apá rẹ̀ le, kí o wá tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹyẹ tó farapa ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ kọ́ gan-an sì ni.

Àwọn ẹyẹ tó o rí lórí fóònù tóbi. Ọ̀pọ̀ wọn ń lọ sí kílò kan. Tìrẹ lè má ju 200 gíráàmù lọ. Àwọn èèyàn rò pé ẹyẹ kékeré ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èrò yẹn ti pa àṣá púpọ̀. Bí ẹyẹ 200 gíráàmù bá fi gíráàmù márùn-ún rù, ó dà bíi kí ẹni tó wọn 60 kílò fi kílò kan ààbọ̀ rù láàárín òru kan. Ní Amẹ́ríkà, ó kéré tán, ọdún méjì ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àṣá fi ń wà lábẹ́ ọ̀gá, ó sì gbọ́dọ̀ gba 80 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò kó tó lè bẹ̀rẹ̀.

Torí náà, òṣùwọ̀n ni kí o kọ́kọ́ rà, kí o tó ra ìbọ̀wọ́. Irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, wà ní Bálógun. Wọn ẹyẹ náà láràárọ̀, ní àkókò kan náà, kó tó jẹun, kí o kọ ọ́ sínú ìwé. Ebi díẹ̀ ló ń mú àṣá wá sọ́wọ́, ṣùgbọ́n àṣá tí ebi ń pa yàtọ̀ sí àṣá tí ebi fẹ́ pa kú. Fi ìka kan eegun àyà rẹ̀. Bó bá mú bí ojú ọ̀bẹ, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ di àwọ̀ ewé, bọ́ ọ kíá, kí o pè mí.

Lálẹ́, nínú yàrá tó dákẹ́, jẹ́ kó dúró lórí ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú ẹran níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Má wo ojú rẹ̀ kòrókòró. Ọjọ́ tó bá tẹrí ba jẹun níwájú rẹ, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò máa fò wá láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, lẹ́yìn náà láti òpin yàrá, kó tó wá di ìta pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. Awọ tó rọ̀ ni kí o fi ṣe okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, bí irú èyí tí àwọn aránbàtà Múṣin ń lò. Okùn tó o bá fi so ó mọ́ igi ìdúró gbọ́dọ̀ kúrú, kó má baà fò lójijì kó sì ṣẹ́sẹ̀. Fi kápẹ́ẹ̀tì oníkoríko bo igi náà, torí igi tó ń dán máa ń mú àtẹ́lẹsẹ̀ àṣá wú. Nínú ọ̀rinrin Èkó, ìbu, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni kó máa gbé, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ.

Má gbé e jáde lọ́sàn-án. Òòrùn ń mú, kannakánná àti àwòdì á máa lé e, afẹ́fẹ́ ọ̀sà á sì ti le. Àwọn àgbà ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹyẹ tí kò tíì mọ ọwọ́ rẹ dáadáa á bá ẹ̀fúùfù náà lọ. Aago méje àárọ̀ dára, ní pápá tí kò sí wáyà iná.

Kí o tó fún un ní oúnjẹ alẹ́ òní, wọ̀n ọ́n, kí o fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò apá yẹn.