Kí ló lè pa ológbò nínú ilé, báwo la sì ṣe ń tètè mọ̀ pé ara ẹ̀ ò yá?

Paracetamol ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, èyí táwa èèyàn ń lò sí ẹ̀fọ́rí, hóró kan ṣoṣo lè pa ológbò torí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò lè palẹ̀ ẹ̀ mọ́ bíi tiwa, ẹ má fún un rárá o. Òdòdó lílì náà ńkọ́, kódà tí lẹ́búlẹ́bú inú ẹ̀ bá ta sí i lára tó wá lá a, kíndìnrín ẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àlùbọ́sà, òwú ìránṣọ, oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin (èròjà apakòkòrò kan), gbogbo ẹ̀ léwu.

Ní ti àìsàn, ológbò máa ń fi pamọ́ ni, torí náà nǹkan kékeré ni kẹ́ ẹ máa wò: kò lá ara ẹ̀ mọ́, ó ń sá wọ kọ̀rọ̀, ó ń mumi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń rù. Tí ò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan, ẹ pe dókítà ẹranko. Èyí tí ò ṣeé fi dọ̀la rárá ni akọ tó ń lóṣòó tó ń fipá tọ̀ tí ìtọ̀ ò jáde, ojú ìtọ̀ ẹ̀ ti lè dí, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ méjì péré.