Dúrọ́ọ̀ ọkọ̀ ìtajà mi ń ṣí fúnra wọn lójú ọ̀nà: ṣé kí n kó wọn dànù ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń tajà. Òwú, bọ́tìnnì, síìpù, rọ́bà àti sísọ́ọ̀sì ni mò ń tà fún àwọn télọ̀, láti Iléṣà dé Òṣú, títí dé Lágere ní Ilé-Ifẹ̀. Káfíńtà kan ló bá mi kan kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ méjìlá sínú ọkọ̀ náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ní báyìí, tí ọkọ̀ bá ti ya kọ́nà, wọ́n á ṣí fúnra wọn, bọ́tìnnì á sì fọ́n káàkiri ilẹ̀. Káfíńtà náà ti wá fún àwọn súkúrù náà le lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ló já sí. Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù ni?
Ìyá Ìbejì, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìrìn. Ẹ má tíì kó nǹkan kan dànù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ṣeé tún ṣe, kì í sì í ṣe iṣẹ́ olówó ńlá.

Kọ́bọ́ọ̀dù inú ilé, orí ilẹ̀ tí kì í mì ló ń dúró sí. Ti inú ọkọ̀, gbogbo gálọ́ọ̀pù tí táyà bá bọ́ sí ló ń gbọ̀n ọ́n. Bó ṣe ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni súkúrù ń jẹ ihò tó wà nínú rẹ̀ fẹ̀. Nígbà tí ihò bá ti fẹ̀ tán, súkúrù inú rẹ̀ ti dà bí eyín tó mì nínú erìgì: a lè tì í padà sí àyè rẹ̀, kò ní dúró. Ìdí nìyẹn tí fífún lẹ́ẹ̀mejì kò fi ṣe yín láǹfààní. Ihò ló bàjẹ́, súkúrù kọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń mì gan-an. Ẹ kó ọjà inú dúrọ́ọ̀ kan kúrò, ẹ fà á jáde dé ìdajì, ẹ di ojú rẹ̀ mú, kí ẹ máa gbé e sókè sódò. Bí irin tí dúrọ́ọ̀ ń sáré lé, tí àwa káfíńtà ń pè ní rọ́nà, bá ń ṣí kúrò lára pákó, ihò súkúrù ló fẹ̀. Bí rọ́nà bá dúró gbọin ṣùgbọ́n tí igun dúrọ́ọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe fẹ̀nfẹ̀, àpótí náà ló ti tú. Bí méjèèjì bá dúró, tó sì ń ṣí fúnra rẹ̀ síbẹ̀, kò sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ni. Láti inú ohun tí ẹ kọ, ó jọ pé ẹ ní ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn.

Ihò tó fẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà yín tú súkúrù náà jáde pátápátá. Kó la igi gbígbẹ tó le sí wẹ́wẹ́, igi ìṣáná tàbí orín gbígbẹ náà ṣe é lò, kó rẹ ẹ́ sínú gúlúù funfun ti káfíńtà, kó sì kì í bọ ihò náà títí kò fi ní gba mọ́. Kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń kánjú: gúlúù tí kò tíì gbẹ kò lè di ohunkóhun mú. Tó bá gbẹ tán, kó gé ohun tó yọ síta, kó lu ihò tín-ín-rín tí kò tó súkúrù nípọn, kó tó wá dá súkúrù padà.

Ẹ má gbà fún un kó fi súkúrù tó gùn rọ́pò. Pákó tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kì í ju 18 mm lọ. Súkúrù tó bá gùn ju ìyẹn lọ yóò yọjú sí òdìkejì, yóò máa ya ọjà yín, tàbí kó ya yín lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ MDF ni pákó náà, igi wẹ́wẹ́ kò ní tó. Fọ́nrán igi tín-tìn-tín ni wọ́n fi gúlúù tẹ̀ pọ̀ di MDF, kò ní iṣan gígùn tí súkúrù lè dì mú bíi ti igi gidi. Ẹ jẹ́ kó fi dírílì lu ihò náà fẹ̀ dé 8 mm tàbí 10 mm, kó gbẹ́ ìrókò tàbí ọ̀gànwó roboto bíi èèkàn kékeré, kó fi gúlúù kàn án wọlé, kó wá lu súkúrù sáàárín rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, torí ó máa ń le ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Nípa rọ́nà, èyí tí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ bá ti já dànù kò ní àtúnṣe. Méjì-méjì ni kí ẹ rà á. Rọ́nà onírin tó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀ máa ń fẹ́ àyè bíi 12.7 mm, ìyẹn ìdajì íǹṣì, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù bá ti là sẹ́yìn díẹ̀ nítorí gbígbọ̀n, àyè náà á pọ̀ jù, dúrọ́ọ̀ á sì máa bọ́. Pílíwúùdù pẹlẹbẹ kan tí a tì sẹ́yìn rọ́nà ló ń yanjú ìyẹn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń ra rọ́nà tuntun lórí ọ̀rọ̀ yìí láìwọn àyè rárá.

Ó wá ku ohun tí yóò dè é mọ́lẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè di dúrọ́ọ̀ tó kún fún sísọ́ọ̀sì mú nígbà tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì. Nínú ọkọ̀ ojú omi, àti nínú ọkọ̀ onílé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń rìnrìn-àjò, ọgbọ́n kan wà tí wọ́n máa ń dá sí dúrọ́ọ̀ tó ń rìn lórí igi. Wọ́n á gé àyè kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ojú dúrọ́ọ̀. Tí a bá tì í wọlé tán, àyè náà á bọ́ sórí igi iwájú kọ́bọ́ọ̀dù, a ò sì ní lè fà á láìkọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀. Rọ́nà onírin kì í fi àyè sílẹ̀ fún irú gbígbé bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ẹ̀yin ẹ lo ọ̀pá. Ẹ jẹ́ kó fi hínjì de ọ̀pá igi kan lóòró sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú kọ́bọ́ọ̀dù, kó máa pa dé iwájú gbogbo dúrọ́ọ̀ tó to lé ara wọn lórí ìlà kan. Ẹ fi àgádágodo tì í kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ìlà bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀pá mẹ́ta ni; olè pàápàá kò ní rí wọn ṣí wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ bá wọ ọjà Atákúnmọ́sà.

Ẹ di gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù náà mú, kí ẹ sì mì í. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń mì, bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú ni kó fi dè é mọ́ irin ọkọ̀, kì í ṣe súkúrù. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má lu ilẹ̀ ọkọ̀ láìjẹ́ pé mẹkáníìkì ti wo abẹ́ rẹ̀. Páìpù epo, páìpù bíréèkì àti wáyà iná wà níbẹ̀, ẹ̀mí yín àti ti dírẹ́bà ló sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó máa wà. Òwú àti rọ́bà ni kó wà lókè.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ kó ọjà sí i bó ṣe máa ń wà, kí dírẹ́bà wa ọkọ̀ dé Òṣú, kí ẹ sì fọwọ́ kan súkúrù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti tún dẹ̀, ihò rẹ̀ ni wọn kò kún dáadáa, kó tún un kún. Dúrọ́ọ̀ tí ẹ óò kó dànù ni èyí tí omi ti wọ MDF rẹ̀ tó sì ti wú. Ìyẹn kò ní gba súkúrù mọ́ láéláé. Ẹ jẹ́ kó fi pílíwúùdù 12 mm kan òmíràn dípò rẹ̀.