Sí àbúrò tó fẹ́ kúrò nínú ìjọ tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ pásítọ̀

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. Èkó lo ti ń ṣiṣẹ́, Òṣogbo ni àwọn òbí rẹ wà, bàbá rẹ ni pásítọ̀ agbègbè, o ò sì lè bá ìjọ yẹn lọ mọ́. O ní ṣé ìjọ ni kó o kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ni àbí bàbá rẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ná, torí àwọn tó ń sọ fún ẹ pé kó o ṣáà sọ òtítọ́ yẹn, ó dà bíi pé wọn ò tíì jókòó síwájú ìgbìmọ̀ alàgbà ìjọ rí.

Inú irú ìjọ yẹn ni wọ́n bí mi sí. Kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé, kò sí yẹtí, obìnrin ò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò. Tí mo bá ti ilé ìwé dé tí mi ò bá ẹnikẹ́ni nílé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé Ìgbàsókè ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fi mí sílẹ̀. Màá sáré lọ sí ojúlé kejì lọ wo ọmọ ọwọ́ tó wà níbẹ̀, torí mo mọ̀ pé bí Jésù bá ti dé, ọmọ ọwọ́ ò ní ṣẹ́kù. Tí mo bá ti gbọ́ igbe ẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀. Má fojú kékeré wo irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Mo ti kúrò tán, mo ti gba ilé tèmi, síbẹ̀ bí iná bá lọ lójijì lóru, àyà mi á já.

Nígbà tí mo sọ pé mi ò ṣe mọ́, wọ́n pè mí wá sí yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Mo ti múra sílẹ̀ o! Mo ti ka Bíbélì, mo ti kọ àwọn ẹsẹ sínú ìwé, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ la fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan nípa ìgbàgbọ́. Alàgbà àgbà wò mí, ó ní, "Ta ni ọkùnrin náà?" Èkejì ní ṣé mo lóyún ni. Ìyá ìjọ fẹ́ mọ ẹni tó ń fún mi lóúnjẹ níbi iṣẹ́. Ẹnìkan wá ní òun ń rí omi púpọ̀ lẹ́yìn mi, pé ẹ̀mí òkun ni. Bó ṣe di ìdáǹdè nìyẹn: àwẹ̀ gbígbẹ, ìṣọ́ òru, ọwọ́ bí i mẹ́fà lórí ẹnì kan ṣoṣo, tí wọ́n ń rọra tì mí kí n lè ṣubú. Mo ṣubú nígbẹ̀yìn, ebi ni. Wọ́n pariwo Halelúyà.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n dárúkọ mi nínú ìkéde, láàárín ìpàdé àwọn obìnrin àti iṣẹ́ ìmọ́tótó ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ní kí ìjọ máa gbàdúrà fún arábìnrin wa tó ti pẹ̀yìndà. Ìyá mi wà níbi tó máa ń jókòó sí.

Aṣọ ni ìyá mi ń tà. Àwọn obìnrin ìjọ ni oníbàárà ẹ̀, àwọn náà ló ń bá dá àjọ. Ẹgbẹ́ tó ní kó bá àwọn kó aṣọ ẹgbẹ́jọdá wá lọ ra tiwọn níbòmíràn, wọn ò sọ ìdí. Ìdì aṣọ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù títí ọdún fi yí po, ìdajì owó ló fi tà á. Wọ́n ní kí bàbá mi náà, tó wà nípò nínú ìjọ, "lọ sinmi díẹ̀." Ṣó o mọ 1 Tímótì orí 3, ẹsẹ 4 àti 5? Alábòójútó gbọ́dọ̀ káwọ́ ilé ara rẹ̀ gírígírí, torí bí kò bá lè káwọ́ ilé tiẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́jú ìjọ Ọlọ́run? Ẹsẹ yẹn ni wọ́n fi gba ipò lọ́wọ́ bàbá mi. Nítorí náà, tí bàbá rẹ bá bínú, má rò pé iná ọ̀run àpáàdì nìkan ló ń bà á lẹ́rù nítorí rẹ. Ipò ẹ̀ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ilé ìjọ ni wọ́n ń gbé, ilé wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìjọ ló ń sanwó oṣù fún un, oúnjẹ wà níbẹ̀.

Nítorí náà, bàbá rẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Ojúkojú, òun nìkan, kì í ṣe lórí fóònù, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ẹ̀ nínú ìjọ. Tó bá tẹnu rẹ gbọ́ ọ, á ráyè ro ohun tó máa sọ fún wọn. Ìjọ ńkọ́? Má kọ lẹ́tà kankan sí wọn! Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó o bá kọ ni wọ́n máa kà sókè. Àwọn iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kó o máa gbé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dá kọ́kọ́rọ́ padà, ka owó ẹgbẹ́ níwájú ẹni méjì, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kó o mú ẹ̀dà kan. Ẹni tó bá kúrò, ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin tàbí ti owó ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá sí i lára. Ti ilé àti owó tó o máa fi gbọ́ bùkátà, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Tí alàgbà kan bá ní o ò lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ, ẹ̀ka 38 nínú ìwé òfin ìpilẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ọdún 1999 sọ pé o lè yí ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ rẹ padà. Má lọ kà á fún bàbá rẹ o. Ìwọ ni mo ń sọ ọ́ fún.

Má bá wọn jiyàn ẹsẹ Bíbélì náà. Ìtàn ìdílé wa ló ràn mí lọ́wọ́ ju ẹsẹ kankan lọ. Ọmọdé ni ìyá tó bí ìyá mi nígbà tí wọ́n gbé e dé Òkè-Oòyè, ní Iléṣà, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1930. Inú ìjọ C.A.C. (Christ Apostolic Church) ló dàgbà sí, kò mu oògùn, omi àdúrà ló ń mu, síbẹ̀ yẹtí wúrà wà létí màmá títí wọ́n fi kú. Ìyá mi ló bọ́ tiẹ̀ dànù, nígbà tí ìsọjí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbòde láwọn yunifásítì àti ilé ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn ọdún 1970. Ìgbà tí mo ṣírò ẹ̀ ni mo rí i pé òfin yẹtí tí wọ́n ní ó ti wà láti ọ̀run, kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù mí lọ.

Àwọn agbaninímọ̀ràn tí wọ́n ní kó o lọ rí yẹn, fara balẹ̀ wò wọ́n. Ilé iṣẹ́ wa gba agbaninímọ̀ràn kan fún wa. Mo sọ tẹnu mi, mo sunkún, arábìnrin náà di ọwọ́ mi mú, ó ní ká gbàdúrà. Àwọn ará Amẹ́ríkà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní kí n yẹra fún àwọn òbí mi pátápátá, kí n yí nọ́ńbà padà. Wọn ò mọ̀ pé nílé wa, ìdílé ló ń ṣe ìdána, ìdílé ló ń sọmọ lórúkọ, òun náà ló ń sìnkú. Ìjọ ni mo fi sílẹ̀, mi ò fi ìyá mi sílẹ̀. Tí mo bá lọ kí wọn, tí wọ́n bá ń gbàdúrà òwúrọ̀, mo máa ń jókòó, mo sì máa ń ṣe Àmín. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní àgàbàgebè kó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Má sì sáré kó sínú àwọn ìjọ tuntun tí pásítọ̀ wọn ń wọ jíǹsì. Ìgbìmọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ti ìgbéyàwó tó o mẹ́nu bà. Tí ìjọ bàbá rẹ bá ní àwọn ò ní so yín pọ̀, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n á lẹ orúkọ yín mọ́ pátákó fún ọjọ́ 21, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìkéde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á ní kẹ́ ẹ wá nǹkan fún àwọn. Owó tó bá ní rìsíìtì nìkan ni kẹ́ ẹ san. Tó bá jẹ́ ìjọ ọmọbìnrin tó o fẹ́ fẹ́ lẹ máa lò, wọ́n lè béèrè ìwé ìtẹ̀bọmi rẹ. Kó o tó bá bàbá rẹ sọ ohunkóhun, wá ìwé yẹn rí nílé, kó o mú ojúlówó ẹ̀ lọ sí Èkó. Nígbà tí mo lọ béèrè tèmi, akọ̀wé ìjọ ní òun ò rí orúkọ mi nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ odò kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ni wọ́n ti tẹ èmi àti ọmọ ẹ̀ bọmi.