Èsì: Ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn nínú La danza de la realidad, fíìmù tí Alejandro Jodorowsky ṣe nípa ìgbà èwe ara ẹ̀?

Rárá o ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ tó ń kọrin nínú fíìmù yẹn dà yín láàmú. Tocopilla ní Chile, òótọ́ ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí Jodorowsky sí ní 1929, bàbá ẹ̀ sì ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Àmọ́ ìyá ẹ̀ fẹ́ jẹ́ olórin opera (eré tí wọ́n ń fi orin ṣe) láyé ẹ̀, kò rí i ṣe, ọmọ wá jẹ́ kó máa fi orin sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ nínú fíìmù. Ó máa ń wọ̀ mí lára gan-an!



Tẹ́ ẹ bá máa tún un wò, ẹ wo Brontis tó ṣe bàbá, ọmọ Jodorowsky fúnra ẹ̀ ni, bàbá bàbá ẹ̀ ló ń ṣe yẹn. Ẹ sì wo ibi tí Jodorowsky fúnra ẹ̀, tó ti darúgbó, ti wọlé wá di ọmọ kékeré tó ṣe òun nígbà èwe mú. Ọdún 23 ni ò fi ṣe fíìmù kó tó ṣe èyí ní 2013, ẹ wá wo Poesía sin fin, fíìmù ẹ̀ ti 2016, tẹ̀ lé e.